Kí Ló Wà ní Kabelvåg?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí Adéfẹ́mi, oorun ló ń sùn. Ó jókòó lórí àpò ńlá kan ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Ràhímátù ní Sampierdarena, ní ìlú Genoa ní Italy, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pa dé. Tíì náà kò dà. Mo dúró tì í, mo ń wò ó bóyá yóò dà. Satidé kan ni, ní oṣù kẹwàá ọdún 1996. Màmá mi ló rán mi wá láti Nichelino tí à ń gbé kí n wá gba èlùbọ́ àti panla.

"Má jí i o," Àǹtí Ràhímátù sọ lẹ́yìn mi. "Ọjọ́ mẹ́fà ló fi wakọ̀. Ibi tí ayé parí sí ló ti ń bọ̀."

"Níbo ni ayé parí sí, Àǹtí?"

"Bi í tó bá jí. Èmi ò débẹ̀ rí. Ẹja ibẹ̀ ni mo mọ̀."

Ó sì jí. Kò kọ́kọ́ wo èmi, ife ọwọ́ rẹ̀ ló wò. Nígbà tó rí i pé tíì ṣì wà nínú rẹ̀, ó mu ún ní tútù, ó wá gbójú sókè.

"Ẹ káàsán. Ṣé mo hanrun?"

"Rárá o," mo ní. "Ìwàásù lẹ̀ ń gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ kó tó dé ojú rẹ̀, bí iná tí wọ́n tàn ní yàrá ẹ̀yìn.

Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Oko ápù ní Cuneo ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nígbà tó dé Italy, kó tó gba patente, ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ ńlá. Ó ti di ọdún kẹta báyìí tó ń wa tírélà fún ọ̀gá kan ní Padua. Á kó ápù lọ sí òkè pátápátá ní Norway, á kó panla bọ̀ wá sí èbúté Genoa. Nínú panla yẹn ni wọ́n ti ń kó lọ sí ilé wa. Òun ni Màmá fi ń se ọbẹ̀ ní Ìbàdàn kó tó mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ Norway.

Mo gba ẹrù mi, mo sáré lọ wọ treno, ọkọ̀ ojú irin aago kan. Ìgbà tí mo délé ni Màmá bi mí pé, "Èlùbọ́ dà?" Mo wo inú báàgì. Panla nìkan ló wà níbẹ̀.

Àǹtí Ràhímátù àti Màmá jọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní ìgbà èwe wọn. Mùsùlùmí ni Àǹtí, àwa sì jẹ́ ọmọ ìjọ tí àdúrà rẹ̀ máa ń dé ojú pópó, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí Màmá ń ṣe láìbi í. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ ṣe alárinà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó pè mí nígbà márùn-ún.

"Ọmọ náà ò mutí. Kì í jà. Ó ń bi mí léèrè rẹ bí ẹni tó ṣìnà."

"Kí lẹ sọ fún un, Àǹtí?"

"Mo ní o mọ ọbẹ̀ sè."

"Èmi! Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n sè."

"Kó tó mọ̀, ẹ ti bímọ méjì. Iṣẹ́ alárinà nìyẹn."

Ní oṣù kọkànlá, a pàdé ní bàá kan tí wọ́n ti ń mu kọfí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin Porta Nuova, lọ́sàn-án gangan, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí wa, nítorí díákónì ni Bàbá mi. Adéfẹ́mi gbé agolo bisikíìtì kan lé orí tábìlì, ó tì í sọ́dọ̀ mi.

"Kí lèyí?"

"Èmi ni."

Mo ṣí i. Páálí róbótó pelebe ló kún inú rẹ̀, wọ́n lé ní igba, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ní àárín wọn, ó ti fi bírò kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, ìlú tó ti gbéra àti ìlú tó dé. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí i ká, ó ń gòkè, ó ń sọ̀.

"Disco ni wọ́n ń pè é," ó sọ. "Inú ẹ̀rọ kan níwájú mi nínú ọkọ̀ ló máa ń wà. Abẹ́rẹ́ kan ló ń kọ ìrìn mi sórí rẹ̀. Bí mo bá sáré, ìlà á gòkè. Bí mo bá dúró, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀gá ń tọ́jú wọn fún ọdún kan nítorí àwọn ọlọ́pàá, lẹ́yìn ìyẹn á dà wọ́n nù. Mo wá ṣa tèmi."

"Kí ni kí n fi wọ́n ṣe?"

Ó fọwọ́ ra orí. "Mi ò mọ lẹ́tà kọ, Ìfẹ́táyọ̀. Kí n tó kọ 'olólùfẹ́ mi', òógùn á ti bò mí. Ẹ̀rọ ló bá mi kọ èyí."

Mò ń tọ́jú ìyá arúgbó Italy kan tí mò ń pè ní Signora nígbà náà, òpópónà méjì sí ilé wa. Ní àràárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá fún Signora ní kọfí rẹ̀, mo máa ń yọ páálí ọjọ́ náà jáde, èyí tó jẹ́ ti ọdún tó kọjá. Ní ọjọ́ báyìí ní ọdún tó kọjá, ó sùn ní Germany. Ní ọjọ́ báyìí, ó fi gbogbo òwúrọ̀ rìn díẹ̀díẹ̀, ìlà náà ń wárìrì bí ọwọ́ arúgbó. Ó dà bí ìgbà tí mò ń tẹ̀ lé ènìyàn kan, tí ọdún kan gbáko sì wà láàárín wa. Mi ò mọ̀ bóyá mo lè bá a.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń pè mí sí ilé Signora, nígbà tí Signora bá ń sùn lọ́sàn-án. Mo rántí ọ̀kan nínú oṣù Kérésìmesì.

"Níbo lẹ wà?"

"Mo wà nídìí ọ̀pá tí wọ́n fi dínà. Wọ́n ti ti òkè pa. Tírélà méjìlá la tò. Ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín ló máa ṣáájú, a ó sì tẹ̀ lé e bí ọmọ adìyẹ. Tí mo bá fi gbójú kúrò lára iná ẹ̀yìn ẹni iwájú mi, inú kòtò ni."

"Ṣé ọ̀nà náà ò ní ọ̀dà ni?"

"Ó ní. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan rèé tí mo rí i gbẹ̀yìn. Orí dígí ni mò ń wakọ̀. Lánàá, mo so ṣéènì mọ́ táyà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ mi ò mọ̀ pé òun jẹ́ ọwọ́ mọ́."

"Ṣé oòrùn ò tiẹ̀ mú díẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Oòrùn wo? Aago kan ọ̀sán nìyí, òkùnkùn biribiri ni. Wọ́n ní ó di lẹ́yìn ọdún tuntun kó tó yọjú."

Mo wo ojú fèrèsé Signora. Oòrùn wà lórí balùkónì, ó ń ṣeré lára aṣọ tí mo sá. Ó ṣe mí bíi pé kí n ṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Mo wá ń bi ara mi pé, Ìfẹ́táyọ̀, ṣé ọkùnrin yìí lo fẹ́ràn ni àbí ọ̀nà rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo ti rí ojú rẹ̀.

Ní oṣù kìíní, Àǹtí Ràhímátù wá sílé wa, ó wọ aṣọ tuntun, ó gbé àpò orí panla kékeré kan wá fún Màmá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún Bàbá.

"Díákónì, mo rí òdòdó kan nínú ọgbà yín."

"Òdòdó wa ti ní ẹni tó ń wò ó," Bàbá sọ. Ọládipọ̀ ló ní lọ́kàn, akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ kan ní yunifásítì kan nítòsí wa, tó máa ń wá jọ́sìn lọ́dọ̀ wa. Ó gbọ́n, ó mọ́, nígbàkúùgbà tó bá jókòó, orúnkún rẹ̀ méjèèjì máa ń kan ara wọn. Kò tí ì fẹnu ara rẹ̀ bá mi sọ nǹkan kan.

"Adéfẹ́mi náà ń wò ó," Àǹtí ní.

"Onítírélà yẹn? Níbo ni ilé rẹ̀?"

"Padua ni, sà."

"Ọjọ́ mélòó ló ń sùn níbẹ̀ lóṣù?"

Àǹtí rò ó. "Mẹ́rin. Bí ọ̀nà bá dára, márùn-ún."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti sinmi. Ìyá rẹ̀ wà ní Ìkìrun."

"Ta ni mo ní ní Ìkìrun tí yóò bá mi wádìí?" Bàbá ṣí dígí ojú rẹ̀. "Ràhímátù, nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá ọmọ yìí, bàbá rẹ̀ rán ènìyàn lọ sí ìlú wa fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n bi aládùúgbò léèrè bóyá a ní wèrè nílé, bóyá a ní olè. Ọkùnrin tí kò ní àdúgbò, ta ni kí n bi?"

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe òmùgọ̀. Mo rò pé tí Bàbá bá rí bí ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, inú rẹ̀ yóò rọ̀. Mo wọ yàrá, mo gbé agolo bisikíìtì jáde.

"Bàbá, ọ̀nà ni àdúgbò rẹ̀," mo ní. "Ẹ wádìí rẹ̀ níbí."

Ọdún mẹ́rìnlá ni Bàbá ti fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ nínú fabbrica, ilé iṣẹ́ ńlá kan. Kò sí ìlà tí ẹ̀rọ fà tí kò lè kà. Ó ti Bíbélì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó da gbogbo páálí náà sórí tábìlì oúnjẹ, ó tò wọ́n ní oṣooṣù. Ní ọjọ́ ìsinmi, ó pe Ọládipọ̀ mọ́ ọn, Ọládipọ̀ sì mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wá. Ìwádìí ìdílé ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n dà bí oníṣègùn méjì lórí aláìsàn kan.

"Wò ó níbí," Bàbá ní. "Svolvær. Ibẹ̀ ló ti ń gba ẹrù. Ó gba ẹrù tán. Kí leyín kékeré tó yọ lórí ìlà yìí?"

Ọládipọ̀ tẹ̀ síwájú. "Ó wakọ̀ díẹ̀, sà. Kìlómítà márùn-ún. Ó dé ibì kan tó ń jẹ́ Kabelvåg."

"Lẹ́yìn náà?"

"Ó dúró. Ọjọ́ méjì."

"Yìnyín ni," mo sọ kíákíá. "Wọ́n máa ń ti ọ̀nà."

Bàbá kò wò mí. Ó mú páálí mìíràn. "Oṣù kẹfà nìyí. Eyín kékeré. Kabelvåg. Ọjọ́ méjì. Ṣé yìnyín oṣù kẹfà ni? Èyí, oṣù kẹsàn-án. Eyín kékeré. Kabelvåg. Ní gbogbo ìrìn àjò, Ìfẹ́táyọ̀! Kí ni ọkùnrin tó ti gbẹ́rù tán ń wá lọ ní kìlómítà márùn-ún?"

Ọládipọ̀ gbé awò rẹ̀ sílẹ̀. "Sà, ohun tí mo rí ni pé ọkọ̀ dúró. Ẹ̀rọ kò sọ ìdí."

"Ẹ̀rọ kò sọ ìdí, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni mí. Obìnrin ni ìdí." Ó kó àwọn páálí náà padà sínú agolo. "Mi ò ní fi tipátipá fún ẹ lọ́kọ. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, kí o fún mi lésì. Ṣùgbọ́n ẹni tó nílé sí Kabelvåg kò ní mú ọmọ mi lọ."

Nígbà tí Adéfẹ́mi pè, mi ò kí i.

"Kí ló wà ní Kabelvåg?"

Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ lórí fóònù, tó ń fọn bí fèrè.

"Ta ló sọ̀rọ̀ ibẹ̀ fún ẹ?"

"Páálí yín ni. Ṣé obìnrin ni?"

"Kì í ṣe obìnrin."

"Kí wá ni?"

"Táyọ̀, mo ti búra pé mi ò ní sọ."

"Fún ta lẹ búra?"

"Tí mo bá sọ ìyẹn, mo ti sọ gbogbo rẹ̀ nìyẹn." Káàdì rẹ̀ parí, fóònù kú.

Mo pe Àǹtí Ràhímátù. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ní Adéfẹ́mi ń sinmi níbẹ̀ ni. Ní ọjọ́ Ajé, ó ní táyà ló ń tún ṣe. Nígbà kẹta, ó ní ààwẹ̀ ni Adéfẹ́mi ń gbà níbẹ̀. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí Kabelvåg lójú àlá. Nígbà mìíràn ó jẹ́ ilé pupa kan, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú irun funfun. Nígbà mìíràn ọmọ méjì ló sáré jáde, wọ́n ní irú ẹ̀rín tó máa ń pẹ́ kó tó dé ojú. Tí ilẹ̀ bá mọ́, mo ṣì máa ń yọ páálí ọjọ́ náà. Mi ò mọ ìdí. Mo máa ń bínú sí i, mo sì máa ń gbàdúrà pé kó má já sí kòtò.

Ní Satidé tó ṣáájú Àjíǹde, Màmá rán mi sí Sampierdarena pé kí n gba orí panla fún ọbẹ̀ ọdún. Èrò pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí ní kí n dúró, mo bá lọ sẹ́yìn, mo jókòó lórí àpò kan. Ó jọ àpò tí Adéfẹ́mi sùn lé lọ́jọ́sí. Nǹkan inú rẹ̀ ń ró wọ́rọwọ̀rọ lábẹ́ mi, kò ró bí èlùbọ́. Mo tẹ orí ba, mo wo ara àpò náà.

Wọ́n fi bírò ńlá kọ nǹkan sí i. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn ju ti ara mi lọ. Lẹ́tà K rẹ̀ ní ìrù gígùn, òrùka kékeré kan sì wà lórí A. KABELVÅG.

Mo tú okùn rẹ̀. Orí panla ló wà níbẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn lanu sí mi.

Nígbà tí Àǹtí wọlé, ó bá mi níbi tí mo di orí ẹja kan mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Yéè," ó ní. Ó fìdí lélẹ̀. "Lọ́rùn mi ni ẹ̀bi wà, ọmọ mi."

"Ṣé ohun tó wà ní Kabelvåg nìyí?"

"Òun ni. Lórí igi ni wọ́n ń so ẹja rọ̀ níbẹ̀. Ara ẹja nìkan ni àwọn òyìnbó ń tà fún ọ̀gá rẹ̀. Orí kò jọ wọ́n lójú. Mo ní kí ó máa bá mi rà á. Ọjọ́ méjì ló máa ń fi ṣà wọ́n, tó ń fi dì wọ́n lápò, nínú òtútù yẹn. Á tì wọ́n sí ẹ̀yìn ẹrù."

"Ọ̀gá rẹ̀ ò mọ̀?"

"Kò mọ̀. Tó bá mọ̀, á lé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú un búra. Mo gbé Kùránì mi, òun náà lọ gbé Bíbélì rẹ̀ nínú ọkọ̀."

"Àǹtí! Ẹ gbọ́ tí Bàbá ń pè é ní alágbèrè, ẹ dákẹ́?"

"Ṣé mo dákẹ́? Mo ṣáà ní ó ń gbààwẹ̀." Ó fi ìborí nu ojú. "Orí yìí ló gbé ṣọ́ọ̀bù mi dúró láti ọdún méjì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ á tán fúnra rẹ̀."

"Ẹ wá sílé wa lọ́jọ́ Ajé."

Ó wọn ẹja fún mi, kò gbowó.

Nínú treno, ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló tún dàrú. Tí mo bá sọ ọ́, mo ti yọ ọ́ nínú alágbèrè, mo sì ti fi í sínú ẹni tó ń fi ọkọ̀ olọ́kọ̀ ṣe tirẹ̀. Àti pé ọkùnrin tó lè pa àṣírí mọ́ báyìí, tó jẹ́ kí n máa sunkún nítorí orí ẹja, kí ló tún lè pa mọ́ fún mi? Tàbí ẹni tí kò ní da ìbúra rẹ̀, àní nítorí mi, ṣé kì í ṣe òun ni mo ń wá? Treno gba inú ihò òkè kọjá, ó jáde, ó tún wọ òmíràn. Mo dé Nichelino, mi ò tí ì mú èyí tí mo gbàgbọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Ọládipọ̀ wá pẹ̀lú kéèkì. Àǹtí Ràhímátù náà wá. Láti àárọ̀ ló ti wà nídìí ìkòkò pẹ̀lú Màmá, kò wojú mi. Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀. Bàbá ló ń jẹ orí nílé wa. Ó fà á mu títí, ó fi egungun kan nu abọ́, ó wá yí ojú sí mi.

"Ìfẹ́táyọ̀, ọjọ́ pé. Kí lèsì rẹ?"

Mo la ẹnu. Mi ò mọ èyí tó máa jáde. Àǹtí gbé ìkòkò sílẹ̀.

"Díákónì, ṣé ọbẹ̀ náà dùn?"

"Ó dùn. Ọ̀rọ̀ ọmọ là ń sọ, Ràhímátù."

"Orí tẹ́ ẹ jẹ yẹn ńkọ́?"

"Orí ló dùn jù. Láti ọdún méjì tí o ti ń gbé e wá ni mo ti ń sọ ọ́."

"Ó dáa. Ìyàwó Adéfẹ́mi tó wà ní Kabelvåg nìyẹn. Láti ọdún méjì lẹ ti ń jẹ ẹ́."

Bàbá yọ egungun kúrò lẹ́nu. Ó wò ó. Ẹja náà ń wo òun náà. Ọládipọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́, omi jáde lójú rẹ̀. Àǹtí kúnlẹ̀, ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, àti ìbúra, àti àpò, àti ọ̀gá.

Bàbá fọ ọwọ́, ó nu ún gbẹ.

"Kì í ṣe alágbèrè," ó ní níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀. Kó lọ sọ fún un. Tí wọ́n bá lé e, kó wá. Tí wọn ò bá lé e, kó wá. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ." Ó wò mí. "Tí ìwọ bá fẹ́ ẹ o. Ìwọ kọ́ lo ṣèwádìí, èmi ni. Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, sà," mo ní. Ohùn náà yà mí lẹ́nu. Mo rò pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

Ọládipọ̀ gé kéèkì. Èmi ló kọ́kọ́ fún.

Adéfẹ́mi sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Wọn ò lé e, ṣùgbọ́n wọ́n gba ọ̀nà Norway lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, láti Cuneo sí Genoa ló ń wakọ̀, ápù lọ, òfìfo bọ̀, kò sí yìnyín, kò sí òkùnkùn ọ̀sán. Àǹtí Ràhímátù wá ẹlòmíràn tó ń kó orí panla wá pẹ̀lú ìwé ẹrù. Nígbà ìdána wa, níbi tí wọ́n kọ ẹja àrọ̀ sí nínú ìwé ẹrù ìdána, odindi panla kan tó gùn tó apá mi ni Àǹtí gbé kalẹ̀, Bàbá sì ní kò sí ohun tó burú.

Ní oṣù kẹwàá, lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, ọ̀gá tún da páálí ọdún kan nù. Adéfẹ́mi mú ẹyọ kan bọ̀ wálé. Mo ka àárín rẹ̀. Satidé ọjọ́ tí mo gbàgbé èlùbọ́ ni. Genoa ni ibi tó dé. Ìlà náà wálẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

"Aago kan ni mo lọ," mo ní. "Ṣé oorun lẹ padà sí ni?"

"Rárá."

"Kí lẹ wá ń ṣe fún wákàtí mẹ́rin?"

"Mo jókòó lórí àpò."

"Lásán? Àbí ẹ̀ ń retí pé mo máa padà wá gba èlùbọ́ ni?"

Ó fọwọ́ ra orí rẹ̀. Mo dúró de èsì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti ń bọ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo tún wo ìlà pẹrẹsẹ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá fi awò wò ó yóò ní ọkọ̀ kan dúró, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ kò sọ ìdí.